Ìtàn Akọnilóminú: Ta Ló Ṣe É, àbí Kí Ló Wà Nínú Ẹni Tó Ṣe É?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Òwe yìí ni mo máa ń rántí nígbàkúùgbà tí mo bá mú ìwé ìtàn lọ́wọ́ lóru, tí iná ti lọ ní gbogbo àdúgbò, tí n kò sì lè gbé ìwé náà sílẹ̀ títí tọ́ọ̀ṣì mi fi fẹ́ kú. Ẹ̀fà ni ohun tí òǹkọ̀wé ti sọ fún mi. Èje ni mo rò pé ó kàn. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ ti fi nǹkan mìíràn pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀fà, nǹkan ọ̀hún gan-an ló sì ń lé oorun lọ lójú mi.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi jíròrò lé lórí nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. N kò pe ara mi ní ọ̀mọ̀wé. Òǹkàwé lásán ni mí, ọmọ Àkúrẹ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní Oǹdó. Èrò ọkàn mi ni mo ń sọ. Ẹni tí kò bá bá mi gbà, kí ó fún mi lésì lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín kò ju ọ̀kan lọ. Ìtàn tó ń béèrè pé "Ta ló ṣe é?" dára púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń béèrè pé "Kí ló wà nínú ẹni tó ṣe é?" ló jinlẹ̀ jù. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú ìwé, mo sì kọ́ ọ nínú ìtìjú. Èmi yóò sọ méjèèjì.

KÍ NI ÌTÀN AKỌNILÓMINÚ?

Nígbà tí ọkàn kò bá balẹ̀, tí èèyàn mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ ṣùgbọ́n tí kò mọ ìgbà tí yóò dé, a máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ń kọ ni lóminú. Ìdí nìyí tí mo fi pe ìwé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí òǹkàwé ní ìtàn akọnilóminú. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tí a kò mọ̀ nìkan ló ń dẹ́rù bà wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Alfred Hitchcock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí fíìmù ṣíṣe, máa ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà báyìí: bí bọ́ǹbù bá bú lójijì lábẹ́ tábìlì tí èèyàn méjì jókòó tì, òǹwòran yóò ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi bọ́ǹbù náà han òǹwòran ṣáájú, tí àwọn méjèèjì sì ń tàkúrọ̀sọ wọn lọ láìmọ̀, àyà òǹwòran yóò máa já ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi jókòó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wálé. Ká sọ pé bọ́ọ̀sì kan gbéra ní Àkúrẹ́, ó ń lọ sí Oǹdó. Bí paramọ́lẹ̀ bá ṣàdédé yọ lábẹ́ ìjókòó nígbà tí ọkọ̀ dé Bólọ́runduró, àwa òǹkàwé yóò pariwo, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá ti sọ fún wa láti Àkúrẹ́ pé paramọ́lẹ̀ ká jọ sábẹ́ ìjókòó ìyá arúgbó kan, ọ̀nà Oǹdó yóò gùn lójú wa bí ọ̀nà Mẹ́kà. Bí ìyá náà bá bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wẹnà láti wá bàtà rẹ̀, yóò ṣe wá bí i pé ká kígbe sínú ìwé. Àwa mọ̀, ìyá ni kò mọ̀. Ohun tí a mọ̀ yìí ló ń dà wá láàmú.

Nítorí náà, mo pín ìtàn akọnilóminú sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú àkọ́kọ́, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ibi ni a kò mọ̀. Nínú èkejì, a mọ ibi tó ń bọ̀, a kò mọ bí ẹni tí a fẹ́ràn yóò ṣe bọ́ nínú rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹta, ọkàn èèyàn fúnra rẹ̀ ni igbó dúdú tí a wọ̀. A lè mọ ẹni tó ṣe é láti ojú ewé kìíní, síbẹ̀ kí ẹ̀rù má jẹ́ ká sùn, nítorí pé a kò mọ ohun tí ọkàn náà tún lè ṣe.

ÌWÉ TÓ KỌ́KỌ́ GBÁ MI MÚ

Kọ́lá Akínlàdé ló kọ́kọ́ mú mi ní òǹdè. Ìwé rẹ̀, Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, tó jáde ní ọdún 1971, wà nínú àpótí ìwé bàbá mi ní Àkúrẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, àwọn ojú ewé mélòó kan sì ti fẹ́ máa já bọ́, ṣùgbọ́n mo kà á tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sórí Owó Ẹ̀jẹ̀, tó jáde ní ọdún 1976, mo sì di ọ̀rẹ́ Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Akínlàdé.

Ìbéèrè tó wà nínú orúkọ ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ ibi kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dé. Yóò fọ̀rọ̀ wá tọ̀tún tòsì lẹ́nu wò, yóò ṣàkíyèsí ohun kékeré tí ẹlòmíràn kò kà sí, yóò sì tò wọ́n jọ díẹ̀díẹ̀. Òǹkàwé náà ń tò wọ́n jọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdíje ni: ṣé èmi ni yóò kọ́kọ́ mọ ọ̀daràn náà, àbí òun? Ní ìparí, òkùnkùn a ká kúrò, olóòótọ́ a gba ìdáláre, ọ̀daràn a sì kó sí pańpẹ́ ìjọba. Ara máa ń tù mí bí mo bá parí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ayé bá dàrú, ọlọ́gbọ́n kan wà tó lè tún un tò. Ìtùnú ńlá ni èyí jẹ́ fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Ìtùnú náà ló sì tàn mí jẹ.

BÍ MO ṢE DI Ọ̀TẸLẸ̀MÚYẸ́ ÒJIJÌ

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n; ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni a ń sùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹgbẹ̀rún méjì náírà tí ìyá mi fún mi fún owó ìdánwò di àwátì nínú àpótí mi. Kàkà kí n lọ fi tó àgbà létí, mo mú ìwé àjákọ kan, mo kọ orúkọ àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá wa sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí bí Akin Olúṣínà.

Ọmọkùnrin kan wà tí ibùsùn rẹ̀ kángun sí tèmi. Mo ṣàkíyèsí pé ó máa ń jáde lóru, pé ó máa ń wọlé ní ìdájí, pé kì í fẹ́ wo ojú èèyàn, àti pé ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti àpótí rẹ̀ láìpẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rí mẹ́rin! Mo tò wọ́n jọ, wọ́n bára mu rẹ́gí. Mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wa jọ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò. Wọ́n já àpótí rẹ̀ níṣojú gbogbo wa.

Owó kò sí níbẹ̀. Ohun tí a bá ni èékú búrẹ́dì tí a dì sínú ọ̀rá, òmíràn ti bu. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ló máa ń lọ lóru láti pọn omi, nítorí pé bàbá rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Búrẹ́dì tó ṣẹ́ kù ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti àpótí náà kí a má baà rí i. Kò bú mi. Ó kó búrẹ́dì rẹ̀ padà sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jáde. Kí ìdá ọdún náà tó parí, ó ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀.

Títí di òní, n kò mọ ẹni tó mú owó mi. Kò sí ojú ewé ìkẹyìn tó wá ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé Akínlàdé ni mo ń bá wí. Kò sí ohun tó kọ tó ní kí n fi ẹ̀sùn kan ọmọlọ́mọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tòótọ́ kì í sáré dájọ́. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ ṣáájú ìwé èyíkéyìí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Èmi ni mo kó ìdíje inú ìwé wọ inú ayé. Ìbéèrè "Ta ló ṣe é?" ni mo bi ara mi, n kò bi ara mi pé, "Kí ló wà nínú ọmọ yìí tó fi ń jáde lóru?"

LÁTI Ọ̀DỌ̀ LÁPÀDÉ DÉ Ọ̀DỌ̀ ÀLÀBÁ

Lẹ́yìn èyí, ó pẹ́ kí n tó tún fọwọ́ kan ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló mú mi padà. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1929, ó sì di olóògbé ní ọdún 2019. Àjà Ló Lẹrù, tó jáde ní ọdún 1969, àti Àgbàlagbà Akàn, tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1971, ni a ti pàdé Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú Tàfá Ìgiripá tí wọ́n jọ ń rìn. Níbí, ọ̀nà kejì ni ìtàn gbà. Ohun tó ń ká wa lára jù ni pé ṣé orí yóò kó Lápàdé yọ lọ́wọ́ àwọn tó ń lépa. Tí àyà wa bá sì ti ń já tó, Òkédìjí a fi àwàdà, òwe àti èébú àmọ́nà pa wá lẹ́rìn-ín, kí ó tó tún mú wa lọ́rùn. Mo gbà pé kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń fún okùn tí a tún ń dẹ̀ ẹ́ bí i tirẹ̀ lédè Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ìwé tó yí èrò mi padà ni Àtótó Arére, tó jáde ní ọdún 1981. Olùkọ́ kan ló yá mi ní Oǹdó níbí, lẹ́yìn tí mo ti wá a tì. Òkédìjí kò fi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe ọ̀gá nínú rẹ̀. Àlàbá, ẹni tí ayé ń pè ní ọ̀daràn, ni a ń tẹ̀ lé. A rí i láti èwe, nínú ilé tí kò rójú. A rí bí ìyà, àìrí-alábàárò àti ìbínú ti ń ti ọmọ náà díẹ̀díẹ̀ dé ibi tí kò ní lè padà. Kò sí pé, "Ta ló ṣe é?" A mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé a ń rí ibi tó ń lọ, a sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yà, kò sì yà. Bí ìyá inú bọ́ọ̀sì yẹn ló rí, àfi pé inú Àlàbá fúnra rẹ̀ ni paramọ́lẹ̀ tirẹ̀ wà.

Òkédìjí kò ní ká dá ọ̀daràn láre. Ìwà ibi ń jẹ́ ìwà ibi nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ìwé náà tán, ẹnu wa kì í yá mọ́ láti sọ pé, "Olè ni, ẹ jó o níná." Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i rí bí èrò ti ń pé jọ lójú títì láti dá sẹ̀ríà fún ẹni tí wọ́n fura sí, ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé nìkan.

KÌ Í ṢE OHUN ÀJÈJÌ

Àwọn kan lè sọ pé wíwọ inú ọkàn ọ̀daràn jẹ́ àṣà òyìnbó. Lóòótọ́, Dostoevsky ará Rọ́ṣíà ti ṣe é ní ọdún 1866 nínú ìtàn Raskolnikov, akẹ́kọ̀ọ́ tó pa ìyá arúgbó olówó-èlé kan. A rí i níbi tó ti ń pa á, nígbà tí ìwé ṣì gùn níwájú. Ìyókù ìwé náà ni bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń jẹ ẹ́ run. Patricia Highsmith ará Amẹ́ríkà náà ṣe é ní ọdún 1955, nígbà tó mú wa gbé inú orí Tom Ripley, apànìyàn tó ń fi orúkọ ẹni tó pa jayé, títí a fi bá ara wa níbi tí a ti ń gbàdúrà kí ọwọ́ má tẹ̀ ẹ́. Ìtìjú tó wà nínú àdúrà yẹn ni ọgbọ́n ìwé náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ ìtàn ìgbésí ayé Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde ní lẹ́tà lẹ́tà, kó tó di ìwé odindi ní ọdún 1930. Obìnrin tó ti fi ẹwà rẹ̀ ṣe fàájì kọjá ààlà ló dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún, ó tún ń rántí adùn ìgbà náà. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni àwọn ará Èkó ń retí lẹ́tà tó kàn. Àwọn òǹkàwé kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló gbà pé obìnrin náà wà láàyè ní tòótọ́. Kò sí ọlọ́pàá nínú ohun tó ń fà wọ́n. Ẹ̀rí ọkàn obìnrin kan ni.

Fágúnwà ńkọ́, ọmọ Òkè-Igbó, ìlú tí kò jìnnà sí Oǹdó níbí? Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní ọdún 1938, Àkàrà-oògùn kì í sọ ìtàn rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. A sọ ọ́ dé ibì kan, a dìde, a ní ó di ọ̀la. Ní ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn tó wá gbọ́ a ti pọ̀ sí i. Ògbọ́n àwọn ìyá wa nídìí àlọ́ nìyẹn, tí wọ́n á dákẹ́ níbi tó dùn jù kí a lè bẹ̀ wọ́n. Nítorí náà, ìkọnilóminú kò wọlé tọ̀ wá láti inú ọkọ̀ ojú omi. Òun ló ń mú wa jókòó yí iná ká.

OHUN TÍ N KÒ FẸ́RÀN

Òótọ́ ọ̀rọ̀ dà bí ìsọkúsọ. Síbẹ̀ ó yẹ ká sọ ọ́. Ohun mẹ́ta wà tó máa ń bí mi nínú nínú irú ìwé báyìí, ìbáà ṣe ti Yorùbá tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì.

Èkíní ni kòńgẹ́ àpọ́jù. Bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá ṣàdédé gbọ́ àṣírí níbi tó ti ń mu ẹmu, a lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, òǹkọ̀wé ló ti rẹ̀.

Èkejì ni àwòrán ọ̀daràn tí a fi ojú rẹ̀ dá a mọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, àpá wà létè rẹ̀, ohùn rẹ̀ há. Ayé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwà ibi bá hàn lójú ni, ta ni ì bá ṣìnà? Ọmọkùnrin tí mo fẹ̀sùn kàn kò lè wo ojú èèyàn. Ebi ló fà á.

Ẹ̀kẹta ló burú jù. Ọ̀pọ̀ ìwé òde òní tó ń pe ara rẹ̀ ní ìtàn inú ọkàn ni kò ní èsì míì ju pé wèrè ni apànìyàn náà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibẹ̀, kò tún sí pé à ń béèrè ìdí mọ́. Ọ̀lẹ òǹkọ̀wé ni, ó sì ń pa aláìsàn lára, nítorí pé ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí ọpọlọ wọn kò dá kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Láti ọdún 1954 ni Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní Àró ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, tí wọn kò tì wọ́n mọ́lé. Bí àwọn ará abúlé bá lè bá wọn gbé, ó yẹ kí òǹkọ̀wé lè bá wọn gbé nínú ìwé pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ̀BẸ̀ MI

Àwọn òbí wa sọ fún wa pé ní ìgbà èwe wọn, ìwé James Hadley Chase ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kó sábẹ́ ìrọ̀rí. Gẹ̀ẹ́sì ni Chase, orúkọ rẹ̀ gan-an ni René Raymond. Amẹ́ríkà ló sì ń kọ ìtàn rẹ̀ sí. Òun àti irú rẹ̀ wà lórí àtẹ ìwé àlòkù ní Àkúrẹ́ títí di òní. Nígbà tí mo béèrè Àtótó Arére ní orí àtẹ kan, ọ̀gá tó ń tà á ní, "Ọmọ mi, ìyẹn ṣọ̀wọ́n." Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi ìwé wọ̀nyí sínú ohun tí a ń kà, kí àwọn tó ń tẹ̀wé lè rí ìdí láti tún wọn tẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ ìtàn, ẹ má fi mọ sórí ta ló pa ta. Ẹ wọ inú ẹni náà lọ.

Lọ́dún tó kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní gáréèjì kan ní Oǹdó, mo sì bá ọmọkùnrin ọjọ́sí pàdé. Ó ń gbẹ́rù. Mo dá a mọ̀. Mo rò pé ó dá èmi náà mọ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó wo ojú mi tààrà, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o," bí ẹni ń kí àlejò. Irọ̀ kan náà ni wá; a kò kí ara wa ní "ẹ" rí. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ti pè é sídìí ọkọ̀ mìíràn.

N kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó kí mi bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti dárí jì mí, ó sì lè jẹ́ pé kò fẹ́ mọ̀ mí mọ́. Ìwé kan kò lè bá mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé tí mo sọ̀rọ̀ wọn yìí ló kọ́ mi pé kí n béèrè, kí n sì dúró gbọ́ èsì. Mo ti padà sí gáréèjì náà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi yóò tún lọ.